Ká Ka Ìlú Ká Tó Tún Ìlú Ṣe: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Iye Èèyàn àti Ọrọ̀ Ajé Ìlú Wa

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ ìlú mìíràn, àwọn ìyálọ́jà, àwọn káńsẹ́lọ̀ àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń bi mí jù. Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn nípàdé náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tó ń dun ìlú? Kí la tún ń ka èèyàn sí?

Ohun tó ń dun àwa tá a máa ń sọ̀rọ̀ nípàdé la mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ dáwó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ọwọ́ la ní kí wọ́n nà sókè. Iwájú gbọ̀ngàn ìlú ló wọlé, torí ibẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn ń tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a nawọ́ ló sì ní kànga lẹ́yìnkùlé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo jáde ní kùtù hàì, mo bá àwọn ọmọbìnrin kan lọ́nà odò, kẹ́ẹ̀gì lórí, aṣọ iléèwé lọ́rùn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí kò lọ síbi omi tuntun. Ó ní, "Bàbá, ibẹ̀ jìn sílé wa ju odò lọ."

Ìsàlẹ̀ ìlú ni ilé wọn, lọ́dọ̀ àwọn ayálégbé tí a kì í pè sípàdé. Ká ní a ti ka ilé ká tó gbẹ́ omi ni, à bá ti mọ̀ pé ìlú ti ṣí lọ síbẹ̀ láìdágbére fún wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń gbé ìwé ìkànìyàn kiri.

Ibo la ti lè rí iye èèyàn ìlú wa?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìkànìyàn, NPC, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Iye tí wọ́n kà lọ́dún 2006 wà lọ́wọ́ wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, pẹ̀lú ọjọ́ orí. Àwọn náà ló ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Lọ́dọ̀ NBS, àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà, lẹ ó ti rí iye owó ọjà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì wọn. Ìwádìí NDHS, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023 sí 2024, ló ń sọ nípa ìbímọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ikú ọmọdé, àmọ́ ìpínlẹ̀ ló ti ń dúró, kì í sọ̀ kalẹ̀ dé ìlú kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ìwé tó ti wà nílùú tẹ́lẹ̀: rẹ́jísítà iléèwé, ìwé abẹ́rẹ́ ní iléewòsàn alábọ́dé, ìwé ẹni tó ń gba owó ìsọ̀ lọ́jà. Nọ́ọ̀sì tó ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ láti ọdún mẹ́wàá mọ àdúgbò tí ọmọ pọ̀ sí ju gbogbo wa lọ. Ẹ lọ kí i kẹ́ ẹ tó lọ kí ẹnikẹ́ni.

Ìkànìyàn 2006 ti pẹ́. Ṣé a ṣì lè gbára lé e?

Òun la rí gbára lé. Wọ́n ti dá oṣù Karùn-ún ọdún 2023 fún òmíràn, wọ́n sún un síwájú, ọjọ́ náà sì kọjá láìka ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí wọ́n kà wá ní 2006 ti tó dìbò.

140,431,790 ni iye tó jáde lọ́dún náà. 88,992,220 ni ti 1991. Ti 1962 àti ti 1973 ni wọ́n fagi lé, ti 1963 sì dá awuyewuye sílẹ̀. Nínú ti 2006 gan-an, àjọ ìkànìyàn ní èèyàn 9,113,605 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó ní èyí tí àwọn kà fúnra àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. Kí ló ń fa irú ìjà báyìí? Owó ni. Bí wọ́n bá ń pín owó àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀, iye èèyàn ló ń gbé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdọ́gba, ìyẹn iye kan náà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ń gbé 40, ilẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn pín ìyókù. Ibi tí orí èèyàn bá ti di owó, orí á máa pọ̀ lórí ìwé.

Nítorí náà, ẹ fi ti 2006 ṣe ìpìlẹ̀. Ògiri rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mọ ọ́n.

Báwo la ṣe ń fi iye àtijọ́ mọ ti òní?

Ká ní èèyàn 4,000 ló wà ní wọ́ọ̀dù yín lọ́dún 2006. Láàárín 1991 sí 2006, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwa ọmọ Nàìjíríà fi ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni kí wọ́n mú 120, tó jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún 4,000, lọ́nà ogún kí wọ́n fi kún 4,000. Bí èlé tó ń gorí èlé ló rí: ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìkànìyàn náà yóò bímọ. Ẹ mú 4,000, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní 1.03, kẹ́ ẹ tún sọ èyí tó jáde di púpọ̀ ní 1.03, títí ogún ọdún yóò fi pé. Ó máa tó nǹkan bí 7,200. Bó bá jẹ́ ìdá 2 ni, nǹkan bí 5,900.

Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ pé àárín wọn la wà. Síbẹ̀, àfojúdá ni. Wọ́ọ̀dù tí títì márosẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá lè ti di ìlọ́po mẹ́ta, abúlé tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti kó lọ sí Ìbàdàn lè ti dín kù sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ṣé ìlú lè ka ara rẹ̀? Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ìlú lè ka ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àgbà yẹn ṣeré. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ kà, màmá kan tilẹ̀kùn mọ́ wa nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tá a rán níṣẹ́ bi í pé, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ó ti sin méjì nínú wọn. Kí ló fẹ́ kí màmá náà wí?

A pààrọ̀ ìbéèrè náà. Báyìí, tọkùnrin tobìnrin la fi ń rán níṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò náà, obìnrin ló sì ń bèèrè. Wọ́n á kí, wọ́n á jókòó bí wọ́n bá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, àwọn wo ló sùn nínú ilé yìí mọ́jú òní?" Ìyá náà á máa dárúkọ: Àdùkẹ́ àti ọkọ rẹ̀, ọmọ Àdùkẹ́, bùọ̀dá tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ẹni kejì á máa fa ìlà sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ìyá ló dárúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nǹkan méjì míì wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Ìkíní, ẹ má fi òrùlé ka ìdílé. Agbo ilé kan lè ní ìdílé mẹ́jọ nínú. Ìkòkò ọbẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: àwọn tó jọ ń jẹ látinú ìkòkò kan ni ìdílé kan. Ìkejì, ẹ fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára òpó ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá ti ka ilé, kí wọ́n má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì rán ẹlòmíràn padà sí ilé kan nínú ogún láti tún bèèrè. Bí èsì bá yàtọ̀ púpọ̀, ẹ tún àdúgbò náà kà. Ó máa ń dun àwọn ọ̀dọ́ tó ti rìn nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ìlú fi irọ́ kọ́ iléewòsàn lọ.

Àwọn wo ni ará ìlú? Ṣé ká ka àwọn tó wà l'Ékòó mọ́ wa?

Bó bá jẹ́ omi, ọ̀nà àti iléewòsàn lẹ fẹ́ ṣètò rẹ̀, ẹ ka ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó wà l'Ékòó kì í pọn omi nílùú yín lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ayálégbé tó ti Benue wá gé igi ló ń pọn ọ́n. Ẹ má kà nígbà ọdún ìbílẹ̀, nígbà Iléyá tàbí Kérésì, torí ìlú á wú. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó wà láhéré oko, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà nìkan ni wọ́n ń wọlé. Ìwé ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáwó.

Báwo la ṣe ń béèrè owó tó ń wọlé fún èèyàn?

Ẹ má béèrè rẹ̀ lójúkojú. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi pé, "Èló lẹ ń rí lóṣù?" yóò rò pé owó orí lẹ fẹ́ gbà, tàbí pé ẹ fẹ́ pín owó ìrànwọ́. Ti àkọ́kọ́ á mú kó sọ ọ́ di kékeré, ti ìkejì á mú kó sọ ọ́ di kékeré sí i.

Ohun tójú rí ni kẹ́ ẹ béèrè. Kí lẹ fi ń dáná, igi, èédú àbí gáàsì? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ọjọ́ kankan wà tí àgbà ilé kò jẹun kí ọmọ lè jẹ? Ta ló wà nílé tí kò lọ síléèwé, kí ló sì fà á? Bí ẹni kan bá ṣàìsàn lóru òní, ibo lẹ máa gbé e gbà, kí lẹ fi máa gbé e? Mo ti rí i pé ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ń sọ ohun tí owó oṣù kò lè sọ.

Ẹni tó mọ ọrọ̀ ajé ìlú jù ni alájọ. Tiwa ń yíká ọjà láràárọ̀ pẹ̀lú báàgì kan lọ́rùn àti káàdì àwọn oníbàárà rẹ̀. A kò bi í ní orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kó sọ ọ́. Ohun tá a béèrè ni pé, nínú gbogbo àwọn tó ń dájọ, mélòó ló ti dín iye ojoojúmọ́ wọn kù láti ọdún tó kọjá, mélòó ló ti dáwọ́ dúró, irú ọjà wo ni wọ́n ń tà? Ó ronú díẹ̀, ó ní àwọn oníṣu ò yí padà, àwọn aláṣọ ló ń fò ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ń ta ẹja yìnyín ló sì ń dáwọ́ dúró, torí iná mànàmáná. Gbólóhùn kan ni, ó sì ti tọ́ka ibi tí ọ̀ràn wà. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ yá àwọn obìnrin lówó, a ti mọ̀ pé kì í ṣe owó ni àwọn ẹlẹ́ja kọ́kọ́ nílò, ibi tí ẹja ò ti ní yọ́ ni.

Ẹ ka ìsọ̀ ọjà pẹ̀lú, lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń sọ iye àwọn tó ń ti ìlú mìíràn wá ná owó lọ́dọ̀ yín.

Kí ló burú nínú ìpíndọ́gba?

Ká ní oníṣòwò mẹ́wàá wà. Mẹ́sàn-án ń jèrè ₦2,000 lójúmọ́, ẹnì kẹwàá tó ń ta sìmẹ́ǹtì ń jèrè ₦82,000. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ₦10,000, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń jèrè ₦10,000. Ẹ tò wọ́n látorí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ wo ẹni tó bọ́ sáàárín: ₦2,000. Ẹni àárín ni kẹ́ ẹ fi ṣètò.

Àwọn ìṣirò tí ìjọba ń gbé jáde nípa ìṣẹ́ àti àìríṣẹ́ṣe, ṣé wọ́n bá ìlú wa wí?

Wọ́n bá yín wí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, NBS ní èèyàn mílíọ̀nù 133 ló wà nínú ìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìyẹn ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló kéré jù, ìdá 27. Sókótó ló ga jù, ìdá 90.5. Ó dáa fún Oǹdó. Ṣùgbọ́n nínú Oǹdó yìí náà ni Àyétòrò wà, ní Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń gbé ilé lọ lójú àwọn tó kọ́ ọ. Iye ìpínlẹ̀ lè dùn kí ìlú kan nínú rẹ̀ máa rì.

Ti àìríṣẹ́ṣe tún burú jù. Ní ìparí ọdún 2020, ìdá 33.3 ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ó di ìdá 4.1. Ta ló ríṣẹ́ láàárín ìgbà náà? Òṣùwọ̀n ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sí aláìníṣẹ́. Nínú ti tuntun, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ ti di òṣìṣẹ́. Ọ̀wọ́ngógó náà rí bẹ́ẹ̀: ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 24.48 ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n sún ọdún ìpìlẹ̀ láti 2009 sí 2024. Gàrí kò wálẹ̀ lóṣù kan yẹn. Wọn ò parọ́ fún wa, òṣùwọ̀n àgbáyé ni wọ́n tẹ̀ lé; àwa la gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í fi kóńgò tuntun wọn gàrí ká wá fi wé ti kóńgò àná.

Ǹjẹ́ ìlú Yorùbá kan wà tó ti fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí?

Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́, àgbà nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì, àti ilé ìwádìí Development Policy Centre n'Ìbàdàn ṣe ìwádìí ìṣẹ́ nílùú náà. Ohun tó jáde ni pé nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú ìṣẹ́. Ìlú tó jẹ́ pé Ojúde Ọba àti aṣọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n! Ká ní ojú ni wọ́n fi wò ó, ta ni ì bá gbà? Wọ́n gbé èsì náà síwájú gbogbo ìlú nínú ìpàdé ńlá, látorí ààfin dé orí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì dá ètò ìgbógun ti ìṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú owó yíyá kéékèèké àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ka èsì náà sétí àwọn tí wọ́n kà.

Báwo ni iye èèyàn ṣe ń di ìpinnu?

Ẹ fi iye yín wé òṣùwọ̀n tó ti wà nílẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí omi ìgbèríko ni lítà 30 fún ẹnì kan lóòjọ́, láàárín ìwọ̀n mítà 250 sílé rẹ̀, kí ojú omi kan má sì kọjá èèyàn 250 sí 500. Ìdílé ẹni mẹ́fà nílò lítà 180, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje kó tún ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹ ro ọmọ tó ń lọ sódò lẹ́ẹ̀méje kó tó lọ síléèwé. Bí ìsàlẹ̀ ìlú yín bá ní 1,200 èèyàn, ojú omi mẹ́ta ló kéré jù.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: tíṣà kan fún ọmọ 35. Bẹ́ ẹ bá ka ọmọ 210 tó ti tó lọ, tíṣà mẹ́fà. Ẹ wo ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kà ní 2006 tí kò tíì pé ọdún 15, ṣùgbọ́n ìlú kékeré tí ọ̀dọ́ ti jáde kúrò nínú rẹ̀ lè kún fún arúgbó àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń bá wọn tọ́. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó lè wọn ìfúnpá kó tó nílò gbọ̀ngàn ayẹyẹ.

Nígbà tí a gbẹ́ kànga kejì, àwòrán ìlú la tẹ́ sórí ilẹ̀, a kó ẹ̀kùrọ́ sórí rẹ̀, ẹyọ kan fún ìdílé kan. Kò sẹ́ni tó ní ká nawọ́. Ibi tí ẹ̀kùrọ́ pọ̀ sí, baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá tọ́ka sí i.

Bí èsì bá tako ohun tí ọlọ́lá ìlú kan fẹ́ ńkọ́?

Ẹ lọ bá a nílé kí ìpàdé tó pé. Ẹ má fi ìṣirò dójú ti àgbà láwùjọ. Bí ẹ tilẹ̀ jàre, ẹ ó sọ ohun tẹ́ ẹ ń wá nù. Ẹ fi ìwé hàn án, ẹ jẹ́ kó bi yín, ẹ jẹ́ kó rán ọmọ tirẹ̀ lọ tún àdúgbò kan kà. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ka èsì náà nípàdé, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ṣé òfin gbà wá láyè láti kọ ọ̀rọ̀ ara ẹni sílẹ̀?

Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Ẹ gbàṣẹ lẹ́nu ẹni tẹ́ ẹ ń bi, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má gba ohun tẹ́ ò nílò. Kò sí ohun tí nọ́ńbà báńkì tàbí NIN ń wá nínú ìwé kànga. Ẹ má sì fi àwòrán ojú ìwé náà sórí WhatsApp láé.

Kí ni àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun lè ṣe?

Wọ́n lè yàwòrán. Lórí OpenStreetMap, ìkànnì àwòrán ilẹ̀ ayé tí ẹnikẹ́ni lè kún, ọmọ yín tó wà ní London lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó máa fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká látinú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, kẹ́yin tẹ́ ẹ wà nílé wá máa sọ orúkọ àdúgbò fún un. Iṣẹ́ GRID3, tí àwọn WorldPop ti Yunifásítì Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ sí, ti fi ìkà òrùlé báyìí fojú dá iye èèyàn Nàìjíríà dé ìwọ̀n wọ́ọ̀dù. Ẹ fi iye wọn wé tiyín. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọdún mélòó síra wọn ló yẹ ká máa kà?

Ọdún márùn-ún fún gbogbo ìlú. Ọdọọdún fún ọmọ tuntun, òkú, ilé tuntun àti ìsọ̀ ọjà. Ìyẹn kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Oṣù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò nígbà gbogbo. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, nígbà tí ọ̀nà oko gbẹ tí àwọn ará ahéré sì wà nítòsí. Ẹ̀dà ìwé náà jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan wà láàfin, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyálọ́jà, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá iléèwé. Lẹ́yìn tí òjò ba ti ààfin jẹ́ lọ́dún kan, ti ìyálọ́jà la fi da á kọ.